Ó ti gba abẹ́rẹ́, parvo sì tún pa á: kí ló fà á?

Aládùúgbò mi kan ra ọmọ ajá Rottweiler kan ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. (Ẹ mọ̀ pé orúkọ ajá nílẹ̀ wa kì í ṣe orúkọ lásán, òwe tí a fi ń bá aládùúgbò wí ni. Mi ò bi í léèrè ẹni tó ń bá wí.) Tanímọ̀la gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 6, ó tún gba òmíràn ní ọ̀sẹ̀ 8. Káàdì rẹ̀ wà, dókítà ẹranko buwọ́ lù ú, ó sì lẹ bébà ara ìgò abẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 10, ajá kọ oúnjẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú. Parvo ni, àrùn fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa ọmọ ajá.

Wọn ò tíì sin ín tán tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ayédèrú abẹ́rẹ́ ni. Ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́ gan-an ló pa á. Bàbá kan tó ti ń sin ajá látọjọ́ pípẹ́ ní ajá òyìnbó ni kò lágbára, pé ká ní ajá ìbílẹ̀ ni, ì bá má kú. Olówó ajá fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò ní í náwó sórí abẹ́rẹ́ mọ́ láyé òun.

Gbogbo wọn ló ṣì í, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn wí, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ajá yẹn ṣòroó gbà gbọ́. Abẹ́rẹ́ náà lè dára, kí dókítà mọṣẹ́, síbẹ̀ kí ajá kú. Ohun tó dènà abẹ́rẹ́ náà ni ààbò tí ìyá ọmọ ajá yìí fún un lọ́jọ́ tó bí i.

Ohun tí parvo ń ṣe nínú ara

Parvo kì í ṣe àrùn àtayébáyé. Àwọn ọdẹ ìgbà ìwáṣẹ̀ mọ dìgbòlugi dáadáa, wọn ò mọ parvo, torí kò tíì dé. Ọdún 1978 ni ajá bẹ̀rẹ̀ sí í kú rẹpẹtẹ káàkiri Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Ọsirélíà, kò sì sí ajá kankan tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n rí. Max Appel àti Leland Carmichael ní Yunifásítì Cornell wà lára àwọn tó tọpa rẹ̀, àwọn náà ló sì ṣe abẹ́rẹ́ tó múná dóko fún un. Kí abẹ́rẹ́ ajá tó délẹ̀, abẹ́rẹ́ ológbò ni àwọn dókítà kan ń gún ajá, torí ìbátan parvo ni fáírọ́ọ̀sì kan tó ti ń pa ológbò tipẹ́tipẹ́. Ó jọ pé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ti ajá ti ya wá. Nígbà tí wọ́n padà yẹ àwọn ẹ̀jẹ̀ ajá tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ ní Yúróòpù wò, wọ́n rí i pé àrùn náà ti ń rìn kiri níbẹ̀ láàárín ọdún 1974 sí 1976, kí ẹnikẹ́ni tó fura. Látìgbà náà ló ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta: wọ́n ń pe àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ní 2a, 2b àti 2c. Àwọn olùṣèwádìí ti rí 2a àti 2c lára ajá Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ tó wà lọ́jà ṣì ń dáàbò bo ajá lọ́wọ́ gbogbo wọn, nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé "parvo tuntun tí abẹ́rẹ́ ò ràn" ló pa ajá òun, ó ṣeé ṣe kí ohun mìíràn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Fáírọ́ọ̀sì yìí kò lè pọ̀ sí i àfi nínú sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín lọ́wọ́. Nínú ara ọmọ ajá, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín kíákíá jù ni awọ inú ìfun àti mùdùnmúdùn inú eegun. Ẹ fi awọ inú ìfun wé ògiri alámọ̀ tí a ní láti máa rẹ́ ní gbogbo ìgbà: kì í pẹ́ kó tó gbó, ọjọ́ mélòó kan péré, tuntun a sì gba ipò rẹ̀. Àwọn tó ń rẹ́ ògiri náà ni parvo ń pa. Bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí ògiri ìfun bá ti lanu, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ á rọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó lé wọn jáde, inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe wọ́n, parvo sì ti dé ibẹ̀ náà. Omi ara ń dà jáde lókè, ó ń dà jáde nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń díbàjẹ́. Ohun tó ń pa ajá gan-an nìyẹn. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń kú.

Ọmọ ogun àyálò

Ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ní ohun ìjà lára. Èyí tó gbà látinú oyún kò ju bí ìdá 5 sí 10 nínú 100 lọ. Inú ọyàn àkọ́kọ́, wàrà tó ki tí ìyá ń ṣe lọ́jọ́ ìbímọ, ló ti ń mu ìyókù, ìfun rẹ̀ kì í sì í gbà á wọlé ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ. Bí ìyá bá ti gba abẹ́rẹ́ parvo tàbí tó ti ṣe é tó yè é, ọmọ ogun tó ń gbógun ti parvo á pọ̀ nínú wàrà yẹn. Ọmọ tó bá mu dáadáa á kó wọn lọ rẹpẹtẹ. Kékeré inú wọn tí àwọn yòókù ń tì kúrò lẹ́nu ọmú á kó ìwọ̀nba. Ìdí nìyí tí ọmọ ajá méje tí ìyá kan bí lọ́jọ́ kan náà fi lè ní ààbò tó yàtọ̀ síra.

Ṣùgbọ́n ọmọ ogun àyálò ni wọ́n. Ọmọ ajá kò lè fi wọ́n bí òmíràn. Wọ́n á máa gbó, wọ́n á máa dín kù, ìdajì èyí tó kù á sì máa lọ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ẹ wá wo abẹ́rẹ́. Fáírọ́ọ̀sì parvo tó wà láàyè ni, èyí tí wọ́n ti gba eyín lẹ́nu rẹ̀. Kó tó lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ wọnú ara, kó pọ̀ díẹ̀, kí ara ọmọ ajá rí i kó sì kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Ọmọ ogun ìyá kò mọ̀ pé olùkọ́ ni àlejò yìí. Wọ́n á pa á lẹ́nu ọ̀nà. Ara ọmọ ajá kò rí nǹkan kan kọ́, bí ẹni pé kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí. Káàdì nìkan ló mọ̀ pé wọ́n gún un.

Bó bá jẹ́ pé bí ọmọ ogun ìyá bá ṣe ń dènà abẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe ń dènà parvo gidi, kò sí wàhálà: ọjọ́ tí ti ìyá bá tán, ti abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń fi nọ́ńbà díwọ̀n ọmọ ogun wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá tó 80, parvo gidi kò lè ráyè. Bó bá ti wálẹ̀ kọjá 80, parvo gidi, tó lágbára tó sì pọ̀ nílẹ̀, lè borí. Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àfi bí nọ́ńbà bá já wá sí nǹkan bí 20 tàbí kó tún rẹlẹ̀ sí i kó tó rọ́nà gbà. Láàárín 80 sí 20, ọmọ ajá wà lójú gbangba: ààbò ìyá ti kéré jù láti lé àrùn, ó sì ṣì pọ̀ jù fún abẹ́rẹ́. Ìdajì 80 ni 40, ìdajì 40 ni 20. Ọjọ́ 20 nìyẹn. Àwọn abẹ́rẹ́ òde òní tí wọ́n ṣe lọ́nà tó dára ti dín àlàfo yìí kù, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó dí i pátápátá.

Ká fi Tanímọ̀la ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ìyá rẹ̀ lágbára, ó sì mu ọyàn yó, tí nọ́ńbà rẹ̀ fi jẹ́ 1280 nígbà tí wọ́n bí i. Lọ́jọ́ kẹwàá ó di 640, lọ́jọ́ 20 ó di 320, lọ́jọ́ 30 ó di 160, lọ́jọ́ 40 ó di 80, lọ́jọ́ 50 ó di 40, lọ́jọ́ 60 ó di 20. Ọ̀sẹ̀ 6 tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ 42. Ọ̀sẹ̀ 8 bọ́ sí ọjọ́ 56. Àárín ihò yẹn gan-an ni wọ́n ti gún un lẹ́ẹ̀mejèèjì! Nígbà tí ilẹ̀kùn wá ṣí fún abẹ́rẹ́, kò sí abẹ́rẹ́ mọ́, parvo ló wà níta. Bí ti ìyá ṣe pọ̀ tó náà ni ìgbà tí abẹ́rẹ́ máa ráyè ṣe ń pẹ́ tó. Ọmọ tí ti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ 5120, ó di ọjọ́ 80 kó tó kan 20, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 11 ó lé díẹ̀.

Nítorí náà, abẹ́rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí dókítà ń kọ fún ọmọ ajá kì í ṣe bí owó àjọ tí a ń dá jọ tí yóò fi pé. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n rò pé ẹni tó gba méjì nínú mẹ́ta ti rí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ààbò. Rárá o. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ni ẹ fi wé. Kò mọ ìgbà tí onílé máa jí, ó kàn ń padà wá kanlẹ̀kùn ni. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá ṣí fún un ti tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó kanlẹ̀kùn lẹ́yìn tí onílé ti jí, kì í ṣe iye ìgbà tó kàn án ṣáájú. Èyí ló mú kí WSAVA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko kékeré lágbàáyé, máa sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí a tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra, kí èyí tó kẹ́yìn má sì ṣe ṣáájú ọ̀sẹ̀ 16. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro tí ẹ sì ní láti yan ọ̀kan, èyí tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 16 yẹn ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kó fò yín. Òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fò jù, torí ajá ti tóbi nígbà yẹn, ó ń sáré kiri, gbogbo ará ilé ti gbà pé ó ti yọ. Wọ́n tún gbà níyànjú pé kí ó gba ọ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ 26 tàbí nígbà tó bá pé ọdún kan, fún ẹyọ ọ̀kan tó bá ṣì bọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ti parvo kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta.

Àwọn ẹjọ́ yòókù

Ṣé abẹ́rẹ́ lè bàjẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius, látilé iṣẹ́ títí dé ọwọ́ dókítà. Iná tí wọ́n mú lọ fún ọjọ́ méjì láìsí jẹnẹrétọ̀ ti tó láti pa á, kò sì ní í yí àwọ̀ padà kí ẹ tó mọ̀. Bí ẹnì kan bá mú abẹ́rẹ́ jáde látinú àpò ṣòkòtò, tàbí tó ti po ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ omi láti àárọ̀, ẹ dá a padà. Mo fẹ́ràn láti wo ibi tí wọ́n ti ń mú un jáde. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí i.

Ṣé abẹ́rẹ́ ló pa á? Parvo máa ń gbé inú ajá fún ọjọ́ mẹ́ta sí méje, nígbà míì títí dé ọjọ́ 14, kí àmì tó hàn. Ọmọ ajá tí wọ́n gún lọ́jọ́ Ajé tó ṣàìsàn lọ́jọ́rú ti kó o kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, lọ́pọ̀ ìgbà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń bí mi nínú: ẹni tó gún ajá rẹ̀ lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó sì rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ parvo. Abẹ́rẹ́ méjèèjì kò jọra rárá. Èyí tí parvo wà nínú rẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ajá ń pè ní DHLPP, lẹ́tà P kan nínú rẹ̀ ló dúró fún parvo. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára bébà inú káàdì.

Ní ti ajá ìbílẹ̀, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá yẹn. Ìwádìí ti fi hàn pé Rottweiler àti Doberman máa ń ṣòfò sí parvo ju ọ̀pọ̀ ajá lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ajá tí kò lè mú. Ajá ìbílẹ̀ tí ẹ rí lójú títì tó ń ṣe ṣámúṣámú ni èyí tó yè é. Àwọn àbúrò rẹ̀ tó kú sábẹ́ afárá ní ọ̀sẹ̀ 8, ta ló kà wọ́n?

Bí ó bá ti ń ṣe é ńkọ́?

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń rọ epo pupa sí ọmọ ajá lọ́nà ọ̀fun, pé oró ló jẹ. Ohun tí ajá tó ń bì bá gbé mì tipátipá lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn aràn kò kan parvo. Tetracycline kò pa fáírọ́ọ̀sì. Dókítà máa ń fún ajá ní oògùn apakòkòrò lóòótọ́, àmọ́ nítorí àwọn aláǹgbá tó gba ojú ògiri wọlé ni.

Ohun tó ń gba ẹ̀mí là ni omi. Dírípù sínú iṣan, oògùn tó ń dá èébì dúró, àti oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ láìpẹ́, torí ìwádìí ti fi hàn pé ajá tó tètè rí oúnjẹ máa ń sàn ju èyí tí wọ́n febi pa lọ. Bí wọ́n bá ṣe èyí fún un ní ilé ìwòsàn, bí 9 nínú 10 ló ń yè. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde fún àwọn tí agbára wọn kò ká kí ajá sùn sí ilé ìwòsàn: wọ́n ń fi omi sí abẹ́ awọ ara rẹ̀, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ èébì lójoojúmọ́ àti ti kòkòrò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sílé. Nínú ìwádìí wọn, 8 nínú 10 ló yè. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àkọ́kọ́ kò tó nǹkan. Ẹ lè bi dókítà yín bóyá ó lè ṣe irú rẹ̀ fún yín. Ní ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan láti ilé iṣẹ́ Elanco tó ń dojú kọ fáírọ́ọ̀sì náà gan-an, ọmọ ogun tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń fi í sínú iṣan. Ó wọ́n.

Parvo ajá kì í mú èèyàn. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tòde òní lè mú ológbò, nítorí náà ẹni tó ní méjèèjì nílé, kí ó kíyè sí i.

Ilẹ̀ tó ṣì lọ́wọ́ ikú nínú

Lákòókò kòrónà, wọ́n kọ́ wa pé ọṣẹ àti sanitáísà ń pa fáírọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni, torí aṣọ ọ̀rá ni kòrónà wọ̀, ọṣẹ sì ń tú ọ̀rá. Parvo kò wọ aṣọ kankan. Ìhòòhò ló ń rìn, torí náà ọṣẹ kò rí ohun tó máa tú lára rẹ̀. Ọtí inú sanitáísà kò ràn án. Nínú ilẹ̀ tó ní ibòji, ó lè wà láàyè fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàtà lè gbé e, táyà mọ́tò lè gbé e, ọwọ́ èèyàn lè gbé e.

Bleach ló ń pa á, irú tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni bleach ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n 30, fún bleach tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Ẹ ka ara ìgò, bí tiyín bá rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi kún un. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ìgbẹ́ àti èébì kúrò pátápátá, torí ìdọ̀tí máa ń sọ bleach di omi lásán. Kó wà lórí sìmẹ́ǹtì fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣan án nù. Abọ́ onírin àti ẹ̀wọ̀n ṣeé fọ̀. Àkísà tó ń sùn lé, ẹ sun ún. Iyẹ̀pẹ̀ kò ṣeé fi bleach fọ̀.

Iyẹ̀pẹ̀ sì ni gbogbo àgbàlá aládùúgbò mi. Mo sọ fún un pé bó bá tún gbé ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 7 wá síbẹ̀, àfi kó tètè gbẹ́ sàárè mìíràn sílẹ̀. Ó bínú díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ó gbé ajá kan dé, ajá ìbílẹ̀ oṣù márùn-ún, káàdì rẹ̀ kún, mo fi ojú ara mi rí abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 16 nínú rẹ̀. Ajá náà ń jẹun, ó ti já okùn lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo àdúgbò sì ń retí ẹni tó tún máa bá wí.